Báàgì Onífọ́tò: Inú Ni Kí Wọ́n Wò

Onífọ́tò míì á kó owó àjọ ọdún kan gbáko lé orí kámẹ́rà, á wá jù ú sínú báàgì aṣọ, ó di orí ọ̀kadà, ó di òde ìnáwó. Ìyá tó ń ta ẹyin gan-an kì í fi ọjà ẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀! Kòtò méjì péré, lẹ́ńsì ti kọlu fíláàṣì. Ta ló sì fẹ́ tún ìgbéyàwó ṣe nítorí fọ́tò?

Ẹni tó bá fẹ́ ra báàgì, kó má wo dídán ẹ̀yìn ẹ̀. Kó ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀, kó tẹ fóòmù ìsàlẹ̀. Bí ọwọ́ bá kan ilẹ̀, kó dá a padà fún oníbáàgì. Kó gbé kámẹ́rà dání lọ sọ́jà, kó kì í bọ̀ ọ́ wò: kò gbọdọ̀ máa mì. Síìpù ńkọ́? Kó ṣí i, kó pa á, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, níṣojú ẹni tó ń tà á.

Ọ̀rinrin wá ni ọ̀tá tí kì í pariwo. Báàgì tí òjò pa, tí wọn ò sá kó gbẹ, á mú kí gíláàsì lẹ́ńsì bu bíi búrẹ́dì tó ti pẹ́, fọ́tò á wá máa jáde ní bàìbàì. Àpò kékeré oníkóró tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, omi ló ń fà. Kí wọ́n má dà á nù; inú báàgì kámẹ́rà ni àyè ẹ̀.