Ìlà Tí Kò Sí Lára Ọkọ̀

Àwọn kan wà láàárín àwa tí a ń to ère ọkọ̀ òfurufú onike tí wọ́n ti sọ abẹ́rẹ́ àti sáńpépà di ẹ̀sìn. Bí wọ́n bá ti rí ère àtijọ́ kan tí ìlà ara rẹ̀ yọ síta, tí orí ìṣó rẹ̀ sì rí kókó kókó bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́, ara wọn kì í gbà á. Wọn yóò ha gbogbo rẹ̀ dànù, wọn yóò fi abẹ́rẹ́ fín ìlà tuntun sí i, wọn yóò da omi ọ̀dà dúdú sí ojú ìlà náà, wọn yóò sì pe ohun tí wọ́n ṣe ní òtítọ́. Mo ní irọ́ ni. N kò sì sọ pé irọ́ kékeré ni.

Kí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí lè bá wa lọ, n ó ṣàlàyé díẹ̀. Ní ọdún 1953 ni ilé-iṣẹ́ Airfix ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ère Spitfire rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ìwọ̀n 1/72. Ìtumọ̀ èyí ni pé a ní láti to méjìléláàádọ́rin rẹ̀ lórí ìlà kan kí ó tó gùn tó ojúlówó ẹyọ kan. Ṣílè méjì ni wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù Woolworths. Bí ìlà ara àwọn ère ìgbà náà bá yọ síta, kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe. Iṣẹ́ irin ni ó fà á. Inú irin ni oníṣẹ́ ń gbẹ́ mọ́ọ̀dù tí wọn yóò da ike sí. Bí ó bá fa ìlà wọnú irin, ike yóò gbé ìlà náà yọ síta. Bí ó bá wá fẹ́ kí ìlà jìn wọnú ike, àfi kí ó gbẹ́ gbogbo irin tí ó yí ìlà náà ká kúrò, kí ó sì dá òkè irin tín-ín-rín sí láàárín. Ta ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tí à ń tà ní ṣílè méjì? Nígbà tí Matchbox bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1973, tí ó sì fín ìlà wọnú, ìlà náà jìn dé ibi pé àwọn ènìyàn ń fi oníṣẹ́ wọn ṣe yẹ̀yẹ́ pé agbẹ́kòtò ni.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó. Bí ìlà tí a fín bá fẹ̀ ní ìdá mẹ́rin mìlímítà péré, ìdá mẹ́rin náà lọ́nà 72 di mìlímítà 18. Ìka mi wọ ibẹ̀. Ta ni yóò gun ọkọ̀ òfurufú tí ìka ń wọ ojú oríkèé ara rẹ̀? Òótọ́ ni pé orí ìṣó àtijọ́ náà tóbi jù: èyí tí ó bá fẹ̀ ní ìdajì mìlímítà di mìlímítà 36, ó súnmọ́ ìbú ẹyin adìẹ wa kékeré. N kò gbè é lẹ́yìn. Ohun tí mo ń sọ ni pé a kì í fi irọ́ wẹ irọ́.

Ojúlówó Spitfire fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí a bi. Ilé-iṣẹ́ Supermarine mọ̀ pé ìṣó tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ sáré, ṣùgbọ́n ó gbówó lórí, ó sì ń jẹ àkókò. Kí wọ́n lè mọ ibi tí ìṣó olórí roboto kò ti ní pa wọ́n lára, wọ́n wá irú ẹ̀wà òyìnbó kan tí a là sí méjì, wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ìṣó kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbé ọkọ̀ náà fò. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀wà náà lára rẹ̀, eré rẹ̀ fi nǹkan bí máìlì 22 dín kù ní wákàtí kan. Wọ́n wá ń yọ ẹ̀wà náà ní abala abala, wọ́n ń gbé e fò, títí wọ́n fi mọ̀ pé apá ọkọ̀ ni kò gba gbẹ̀rẹ́. (Mo máa ń rò ó wò: ta ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn alẹ̀wà?) Ìdí nìyí tí ìṣó fi tẹ́ lára apá, tí ìṣó olórí roboto sì fi wà ní ẹ̀yìn ara ọ̀pọ̀lọpọ̀ Spitfire, níbi tí awo irin kan ti gun orí èkejì. Nítorí náà, ẹni tí ó ha ìṣó ẹ̀yìn ara dànù, òtítọ́ ni ó hà dànù. Ẹni tí ó fín kòtò sí apá, irọ́ ni ó fín síbẹ̀.

Ti Mosquito ni ó burú jù. Igi ni. Pákó pílíwúùdù àti igi balsa ni ilé-iṣẹ́ de Havilland fi ṣe ara ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fò ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 1940; àwọn oníṣẹ́ àga ní High Wycombe wà lára àwọn tí ó bá wọn kàn án. Wọ́n fi aṣọ bò ó, wọ́n kùn ún. Èyí àkọ́kọ́ gan-an ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní London Colney. Mo lọ wò ó. Ara rẹ̀ jọ̀lọ̀ bí igbá tí wọn kò tí ì fín. Mo padà sílé, mo dán ère tèmi títí ìlà kò fi sí i mọ́ àfi ní etí ilẹ̀kùn àti ti àwọn abala tí ń mì, mo sì gbé e lọ sí ìdíje kan. Adájọ́ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó yí i po, ó bi mí pé níbo ni ìlà rẹ̀ wà. Mo ní igi ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì yọ máàkì mi. Mosquito tí ó gba ipò kìíní ní ìlà gbọọrọ gbọọrọ tí ó gba inú pákó kọjá, ó sì ní ìṣó!

Wọn a ní ẹwà ni àwọn ń wá. Bí ó bá jẹ́ ẹwà, kí wọ́n pè é ní ẹwà, ìjà parí. Igbá fínfín Ọ̀yọ́ dùn ún wò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fín in kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe so lóko. Ilà ojú náà ńkọ́? Ó ń sọ ilé ẹni. Ẹni tí ó bá kọ àbàjà sí ojú ọmọ tí kì í ṣe ti ilé alábàjà kò bu ẹwà kún un, ìtàn rẹ̀ ni ó yí padà.

Èmi náà ṣe é rí, n kò ní í purọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tò Spitfire kan ní yàrá wọn ní Peckham ní ọdún 1968, kí wọ́n tó padà sílé. Nígbà tí wọ́n di olóògbé, ère náà kàn mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ nígbà náà. Àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa wò ó, ó ní kí n ha á kí ó lè bá ìgbà mu. Mo ha apá òsì. Ibi tí gọ́ọ̀mù ti yọ́ ike, tí ipa àtàǹpàkò ẹ̀gbọ́n mi wà, bá a lọ, n kò sì rí i títí ó fi di ìyẹ̀fun lórí tábìlì.

Ní báyìí, sáńpépà kíkúná àti omi ni mo ń lò, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta péré, kí orí ìṣó lè rẹlẹ̀ dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ nìkan lè rí i. Pẹ́ńsù ni mo fi ń fa ìlà níbi tí ìlà bá wà lára ojúlówó. Spitfire ẹ̀gbọ́n mi wà lórí pẹpẹ bí mo ṣe bà á jẹ́ mọ. Apá ọ̀tún ni mo ń kọ sí ẹnu ọ̀nà.