Kí Lẹ Fẹ́ Fi Owó Iléèwé Rà?

Ọmọ mi obìnrin yóò pé ọmọ ọdún mẹ́rin kí sáà ẹ̀kọ́ tuntun tó wọlé. Ní ilẹ̀ Gánà, ọjọ́ orí tí ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ KG nìyẹn, ọdún méjì tí òfin ètò ẹ̀kọ́ ọdún 2008 kà mọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó jẹ́ ọ̀ranyàn. Iléèwé ìjọba kò jìnnà sí wa ní Jisonayili, níhìn-ín ní Tamale. Síbẹ̀, oṣù méjì gbáko ni mo fi ń ti ẹnu ọ̀nà iléèwé aládàáni kan bọ́ sí òmíràn. Èmi tí mo kàwé gboyè másítà, tí mo ń fi ìwé kíkọ jẹun, kò tíì sí ìbéèrè tó dà mí lọ́kàn rú tó èyí.

Ní iléèwé àkọ́kọ́ tí mo wọ̀, yàrá kọ̀ǹpútà ni ọ̀gá iléèwé kọ́kọ́ fi hàn mí, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀sì, kí a tó dé kíláàsì kankan. Ó pe ọmọdékùnrin kan jáde pé kó ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì fún mi. Ọmọ náà kà á geere, kò kọsẹ̀. Mo bi í pé kí ni ìtàn náà sọ. Ó wo ojú ọ̀gá rẹ̀, ó dákẹ́. Bí a ṣe ń jáde ni mo rí ọmọbìnrin kékeré kan tí wọ́n fi pátákó kọ́ lọ́rùn. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Ó sọ Dagbani nígbà tí wọ́n ń ṣeré.

N kò ní dárúkọ iléèwé náà, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe é. Ohun tí àwa òbí ń béèrè ni wọ́n ń tà. Àwa la máa ń dé ẹnu géètì tí a ó ní, “Ṣé ọmọ yín ti ń ka Gẹ̀ẹ́sì? Àṣetiléwá mélòó lẹ ń fún wọn?” Ọmọ ọdún mẹ́rin o!

Ìwádìí kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí gbọ́. Láàárín ọdún 2015 sí 2016, Sharon Wolf àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní 240 iléèwé ní ìpínlẹ̀ Accra, ti ìjọba àti ti aládàáni. Wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́ KG bí wọ́n ṣe lè fi eré, ìbéèrè àti ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ kọ́ ọmọ kékeré. Àwọn ọmọ náà tẹ̀síwájú nínú ẹ̀kọ́. Ní apá kan nínú àwọn iléèwé náà, wọ́n tún pe àwọn òbí jọ, wọ́n fi fídíò ṣàlàyé fún wọn pé eré wà lára ẹ̀kọ́. Ibẹ̀ gan-an ni àǹfààní náà ti pòórá. Lójú tèmi, a kò lè gba ìran ẹ̀kọ́ tí a mọ̀ kúrò lọ́kàn wa pẹ̀lú fídíò mẹ́ta. Bí olùkọ́ bá ń ṣe ohun tó tọ́, àwa náà la ó máa bi í pé kí ló dé tí ìwé ọmọ wa fi ṣófo.

Ọkọ mi kò gbà pẹ̀lú mi tán. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò BECE, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń wá iṣẹ́. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wo ni ọmọ fi ń dé ibi Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́rán? Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún odindi ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá olùkọ́ tó dáńtọ́ fún iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà kò relẹ̀ sí ti ẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì ta wọ́n yọ nínú iṣẹ́ mìíràn. Láti ọdún 1995, ètò School for Life tó bẹ̀rẹ̀ ní apá àríwá yìí ti ń fi Dagbani àti àwọn èdè àdúgbò mìíràn kọ́ àwọn ọmọ tí kò rí iléèwé lọ. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n kọ, mọ̀ ọ́n kà, tí ọ̀pọ̀ wọn á sì wọ iléèwé ìjọba.

Àwọn ìjọba náà kò dúró lójú kan. Ní ọdún 2002, ìjọba Gánà ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Nígbà tó yá, wọ́n padà sí èdè abínibí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Haruna Iddrisu, tó ń ṣojú Gúúsù Tamale nílé aṣòfin, tún ní ó di dandan kí àwọn iléèwé máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ. Oṣù kan kò tíì pé tí Mínísítà ti Nàìjíríà, Tunji Alausa, fi kéde pé àwọn ti wọ́gi lé irú ìlànà bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022. Ẹ wò ó, òbí tó bá ní òun ń dúró de ìjọba, ọmọ rẹ̀ yóò ti parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tèmi tún ní kókó tirẹ̀. Dagbani kọ́ ni èdè abínibí ọmọ mi. Yorùbá là ń sọ nílé. Ẹnìkan lè ní kí ló wá kàn mí. Ohun tó kàn mí ni pé iléèwé tó bá fi pátákó kọ́ ọmọ onílẹ̀ lọ́rùn nítorí èdè ìyá rẹ̀, kí ni yóò fi ti ọmọ àlejò ṣe?

Yàtọ̀ sí èdè, ẹ béèrè ẹni tí yóò kọ́ ọmọ yín. Nílẹ̀ Gánà, olùkọ́ tó gba ẹ̀kọ́ṣẹ́, irú àwọn tó ń jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Bagabaga àti kọ́lẹ́ẹ̀jì Tamale, iléèwé ìjọba ni wọ́n pọ̀ sí jù. Ọ̀pọ̀ iléèwé aládàáni tí owó wọn kò pọ̀ ló jẹ́ pé ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì ló ń kọ́ni níbẹ̀, owó oṣù rẹ̀ kéré, yóò sì lọ nígbà tó bá rí ibi tó sàn. Iléèwé ìjọba, ẹ̀wẹ̀, lè kó ọmọ tó pọ̀ jù sínú kíláàsì kan. Nítorí náà, mo máa ń bi ọ̀gá iléèwé pé, “Ọdún mélòó ni olùkọ́ yìí ti lò níbí?” Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ti dá mi padà ní iléèwé méjì.

Ẹ tún wo fèrèsé. Ooru oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ní Tamale kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, inú agbègbè tí àrùn yírunyírun ti máa ń jà la sì wà. Àwọn àgbà kò tíì gbàgbé ti ọdún 1997. Yàrá tí atẹ́gùn kò ráyè wọ̀, tí ọmọ kún bámúbámú, kò yẹ ọmọ ẹnikẹ́ni, ì báà ní bọ́ọ̀sì mẹ́wàá níta.

Iléèwé tí mo yàn nígbẹ̀yìn kò ní yàrá kọ̀ǹpútà. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Obìnrin tó ń kọ́ KG ti lo ọdún mẹ́jọ níbẹ̀. Ní òwúrọ̀ tí mo lọ, “Dasiba” ló fi kí àwọn ọmọ, wọ́n dáhùn pé “Naa,” lẹ́yìn náà ló tún fi Gẹ̀ẹ́sì kí wọn. Ó bi mí bí a ṣe ń kí ní èdè tiwa, ó sì gbìyànjú rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.

Ọkàn mi kò tíì balẹ̀ tán. Aládàáni náà ni mo kúkú mú ọmọ mi lọ. Iléèwé ìjọba ẹ̀gbẹ́ wa pàdánù òbí kan tó lè kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ, tó lè dìde nípàdé òbí àti olùkọ́ kó ní àga kò tó. Bí gbogbo àwa tí a kàwé bá ń sá kúrò níbẹ̀, ta ni yóò bá àwọn ọmọ tó kù sọ̀rọ̀? Mo ti pinnu láti máa lọ sí ìpàdé wọn bí wọ́n bá gbà mí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun kan náà.

Tamale ni wọ́n bí bàbá mi sí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ, ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ogbómọ̀ṣọ́ ni ìdílé wọn padà sí. Títí di òní, bí bàbá mi bá ń ka owó, Dagbani ni wọ́n fi ń kà á. Yorùbá wọn kò yingin, Gẹ̀ẹ́sì wọn náà sì ń jáde bó ṣe yẹ. Nígbà tí mo pè wọ́n láti sọ fún wọn pé mo ti rí iléèwé, wọn kò béèrè iye owó, wọn kò béèrè bọ́ọ̀sì. Wọ́n ní, “Ṣé wọ́n á jẹ́ kó sọ̀rọ̀ níbẹ̀?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Wọ́n á jẹ́ kó sọ̀rọ̀.”