Ta Ni Ó Ni Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí àwa ará Ọgbà rò jinlẹ̀. Pápá ìṣeré Agége kò jìnnà sí wa. Ibẹ̀ ni ilé ẹgbẹ́ MFM, tí ìjọ Mountain of Fire and Miracles dá sílẹ̀. Ní ọdún 2017 wọ́n ṣe ipò kejì nínú líìgì ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ọdún 2018 wọ́n borí Real Bamako ti ilẹ̀ Màlì nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2022 wọ́n já kúrò ní ipele gíga.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí. Israel Adebajo dá ẹgbẹ́ Stationery Stores sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1958, ó sì kú ní ọdún 1969. Láyé àtijọ́, bí Stores bá fẹ́ pàdé Shooting Stars ti Ìbàdàn, ìjà ọ̀rẹ́ láàárín ìlú méjì ni. Lẹ́yìn ikú olówó wọn, Stores ṣì gba ife-ẹ̀yẹ ní ọdún 1982 àti 1990, wọ́n sì gba líìgì ní ọdún 1992. Ṣùgbọ́n aáwọ̀ dé lórí ẹni tí ó ni ẹgbẹ́ náà, ó sì fọ́n wọn ká fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ń hó fún wọn kò ní ohùn nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ó yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ olówó tí ó bá ran eré lọ́wọ́. Síbẹ̀, ohun tí gbogbo ìlú fẹ́ràn kò yẹ kí ó rọ̀ mọ́ ọrùn ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ wo èsúsú àwọn ìyá wa nínú ọjà: bí olórí rẹ̀ bá kú, owó ọlọ́wọ́ kì í bá a wọ sàréè, nítorí pé olúkúlùkù mọ ohun tí òun dá àti ẹni tí ó kàn.

Ẹnìkan lè wí pé èsúsú kò lè san owó oṣù agbábọ́ọ̀lù líìgì. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò ni mo ń sọ, kì í ṣe ẹ̀ka. Ní ọjọ́ iwájú a ó di olùkọ́ káàkiri. Kí olúkúlùkù wa dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ níbi tí ó bá wà: kí orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wà nínú ìwé, kí owó kékeré máa wọlé, kí a máa yan olórí lọ́dọọdún, kí bọ́ọ̀lù àti aṣọ eré sì jẹ́ ti gbogbo ẹgbẹ́. Nígbà náà ni Ọgbà yóò lè bá Agége díje, tí Agége yóò sì bá Ìkẹjà díje, láìbẹ̀rù pé ikú tàbí ìbínú ẹnì kan yóò pa eré náà.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀.