Ẹni Tó Bá Ń Kó Lọ sí Alaska, Kó Dúró ní Afárá Gerstle

Ẹni tó ń kó kúrò ní ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà mìíràn lọ sí Alaska lè di ẹrù sínú ọkọ̀ ojú omi, kí òun fúnra rẹ̀ wọ bàálù. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń so bẹ́ẹ̀dì, ìkòkò àti kẹ̀kẹ́ ọmọ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, tí wọ́n sì ń gba àárín òkè àti igbó àríwá Kánádà kọjá. Ìyẹn ò burú rárá. Ibi tí wọ́n ń dúró sí yà fọ́tò ló kù díẹ̀ káàtó.

Dawson Creek ní Kánádà ni ọ̀nà náà, Alaska Highway, ti bẹ̀rẹ̀, Delta Junction ní Alaska ló parí sí, nǹkan bí 2,230 kìlómítà. Ibi tó ga jù ni Summit Lake, 1,295 mítà. Lẹ́yìn rẹ̀, títì á fún mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpáta létí adágún Muncho, tí omi rẹ̀ ń dán bí aró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò. Àgùntàn òkè á dúró sójú títì, wọ́n á máa lá iyọ̀ ilẹ̀, wọn ò sì ní torí fèrè ẹnikẹ́ni sún.

Láti Destruction Bay dé Beaver Creek ni ẹrù ti ń rí èèmọ̀. Ilẹ̀ tó ti dì bí yìnyín láti ayébáyé ló wà lábẹ́ ọ̀dà: bó bá yọ́, ojú ọ̀nà á rì; bó bá tún dì, á wú. Ọkọ̀ á máa fì sókè fì sódò bí ọkọ̀ apẹja, àwo tí wọn ò fi aṣọ wé á fọ́. Ẹni tó bá ti pín ìdajì ẹrù rẹ̀ fún ẹbí kó tó gbéra ló gbọ́n.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé ibẹ̀, Watson Lake ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń dúró yà fọ́tò. Ní 1942, àárò ilé sọ sójà kan, Carl Lindley, ó sì kan pátákó tó ń júwe ọ̀nà ìlú rẹ̀, Danville ní Illinois. Lónìí, pátákó ibẹ̀ ti di igbó, nítorí àwọn arìnrìn-àjò ń kan orúkọ ìlú tiwọn náà mọ́ ọn. Ó dùn ún wò lóòótọ́.

Àmọ́ Lindley nìkan kọ́ ni àárò ilé ń sọ. Ogun ló mú kí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí ní oṣù kẹta 1942, lẹ́yìn tí Japan ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor. Sójà tó lé ní 10,000 ló ṣe é, bíi ìdá kan nínú mẹ́ta wọn sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ọ̀pọ̀ àwọn dúdú náà wá láti gúúsù orílẹ̀-èdè wọn, níbi tí oòrùn ti ń ràn, wọ́n wá ń sùn nínú àgọ́ láàárín òtútù burúkú. Ikọ̀ 95, ọ̀kan lára ikọ̀ àwọn dúdú náà, fi ayùn àti àáké ṣe afárá igi sórí odò Sikanni Chief láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní 25 oṣù kẹwàá, nítòsí Beaver Creek, Refines Sims láti ikọ̀ 97, tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, pàdé Alfred Jalufka, aláwọ̀ funfun tó ń bọ̀ láti òdìkejì. Bí ọ̀nà ṣe so pọ̀ nìyẹn, kò tó oṣù mẹ́jọ.

Ọ̀gágun Simon Buckner, tó ń darí àwọn ọmọ ogun ní Alaska, ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé òun ò fẹ́ kí àwọn dúdú wọ̀nyí jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn ogun, kí wọ́n máa bá àwọn ọmọ ìbílẹ̀ bímọ. Ẹ gbọ́ ná: àwọn tó la ọ̀nà, àwọn gan-an ni wọn ò fẹ́ kó kó débẹ̀!

Ọdún 1993 ni Alaska tó fi orúkọ àwọn sójà dúdú náà pe afárá orí odò Gerstle. 2017 ni wọ́n fòfin ya 25 oṣù kẹwàá sọ́tọ̀ fún wọn. Afárá náà kò jìnnà sí Delta Junction, ọ̀pọ̀ sì ń sáré kọjá lórí rẹ̀ nítorí wọ́n ti gbóòórùn ilé tuntun. Ibẹ̀ ló yẹ kí awakọ̀ ti rọra páàkì, kó wo táyà, kó tún okùn ẹrù fà, kí ẹnì kan sì ka orúkọ afárá sétí àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀.