Òjò Tí A Kò Wọ̀n: Ẹ̀kọ́ Ìgbésí Ayé Godwin Obasi fún Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́. Ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, àgbẹ̀ ni eji sábà máa ń kọ́kọ́ rí. Bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, yóò gbin àgbàdo. Bí òjò náà bá wá dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, irúgbìn yóò kú sínú ilẹ̀, yóò sì tún wá owó ra òmíràn. Ta ni ó yẹ kí ó ti sọ fún un pé òjò àkọ́kọ́ náà kò tí ì fẹsẹ̀ múlẹ̀?

Ìbéèrè yìí ni ọmọ Nàìjíríà kan fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Godwin Olu Patrick Obasi ni orúkọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ni kò sì mọ̀ ọ́n. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 24 oṣù kejìlá ọdún 1933 ní ìlú Ogori, tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Kogí òde òní. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò àti físíìsì ní yunifásítì McGill ní Kánádà, ó sì gboyè ní 1959. Láti ibẹ̀ ó lọ sí MIT ní Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ojú ọjọ́ ní 1963.

Ó yẹ kí a kíyè sí ohun tí ó fi ṣe iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé náà. Ìrìn afẹ́fẹ́ ní ìhà gúúsù ayé ni ó ṣe ìṣirò rẹ̀. Àwọn ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibùdó ti kọ sílẹ̀ lójoojúmọ́ nígbà ètò ìwádìí àgbáyé ti 1957 sí 1958 ni ó gbé ìṣirò náà lé. Àwọn tí ó ń wo òṣùwọ̀n ní ibùdó wọ̀nyẹn kò mọ̀ pé ọmọ Ogori kan yóò lo iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Wọ́n kàn ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ ni, lónìí àti lọ́la.

Obasi padà wá ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ Nàìjíríà. Láti 1967 sí 1976 ó wà ní yunifásítì Nairobi ní Kẹ́ńyà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ní iṣẹ́ yìí. Ní 1978 ó lọ sí Geneva láti darí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé, èyí tí a mọ̀ sí WMO. Ní 1984 ó di Akọ̀wé Àgbà àjọ náà, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò dé ipò yẹn, ó sì wà níbẹ̀ títí di òpin 2003. Ogún ọdún gbáko ni.

Ọ̀pọ̀ ohun tí ayé ń sọ lónìí nípa àyípadà ojú ọjọ́ ni ó fìdí múlẹ̀ láàárín ogún ọdún náà. Ní 1988, WMO àti àjọ àyíká ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá IPCC sílẹ̀, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ń ṣe àyẹ̀wò àyípadà náà fún ìjọba gbogbo ayé. Ọmọ Íjíbítì, Mostafa Tolba, ni ó ń darí àjọ kejì. Nítorí náà, ọmọ Áfíríkà méjì ni ó jókòó sí ìdí àwo nígbà tí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ yìí kalẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 1992, wọ́n ṣe ìpàdé ńlá lórí omi ní ìlú Dublin. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi ohùn ṣọ̀kan pé omi tútù lè tán, pé àwọn tí ń lò ó gbọ́dọ̀ ní ohùn nínú àbójútó rẹ̀, àti pé ipa pàtàkì ni ti àwọn obìnrin. Àwọn ìyá tí ń ru omi ní agboolé wa kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé èyí fún wọn.

Ní 1995, àjọ náà ṣe Ìpinnu 40, tí ó sọ ọ́ di ojúṣe àwọn orílẹ̀-èdè láti máa fún ara wọn ní àwọn ìwọ̀n ojú ọjọ́ tí ó ṣe kókó lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ibodè lójú ọ̀run. Ìkúùkù tí yóò rọ̀jò sí Ògbómọ̀ṣọ́ lè ti ibòmíràn wá, ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i ni ó gbọ́dọ̀ kéde.

Obasi kú ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta 2007. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà gan-an ni wọ́n kéde pé IPCC àti Al Gore ni yóò jọ gba Ẹ̀bùn Àlàáfíà Nobel. Kò fojú rí i.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé. Láti àwọn ọdún 1960 ni dáàmù Erelú ti wà ní Ọ̀yọ́, tí dáàmù odò Ọbà sì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn tí ó kọ́ wọn ní láti kọ́kọ́ mọ iye òjò tí ń rọ̀ àti bí odò ti ń kún. Láti ìgbà náà, ìlú méjèèjì ti gbòòrò, èrò ti pọ̀, ojú ọjọ́ sì ti yí padà. Bí a kò bá wọn òjò òde òní, ìṣirò àtijọ́ ni a óò máa fi gbọ́ bùkátà tuntun. Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, nígbà tí àgbàrá òjò ọjọ́ kan pa ènìyàn tí ó ju 100 lọ.

Ní 2022, Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, António Guterres, kéde pé kí ètò ìkìlọ̀ ṣáájú ewu dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn ayé kí ọdún 2027 tó parí. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n Áfíríkà ni ibùdó ìwọ̀n ojú ọjọ́ ti ṣọ̀wọ́n jù lọ, a kò sì lè ṣe ìkìlọ̀ láti inú ohun tí a kò wọ̀n. Nǹkan bíi 50 kìlómítà ni ó wà láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Òjò lè rọ̀ títí ní ọ̀kan kí ìkejì gbẹ fúrúfúrú. Lóòótọ́, àjọ NiMet, tí òfin dá sílẹ̀ ní 2003, a máa gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ìwé àsọtẹ́lẹ̀ kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé oko.

Àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ ìjọba ni. Òótọ́ ni, kí a má sì jẹ́ kí ìjọba bọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ ìṣe ojú ọjọ́ ibì kan. Gómìnà kì í lò ju ọdún mẹ́jọ lọ. Ìjọ ni ó ń pẹ́. Thomas Bowen dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Ọlọ́run ti àwọn Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1898. Kọ́lẹ́ẹ̀jì St Andrew's ti dé Ọ̀yọ́ ní 1896. Ìjọba mélòó ni ó ti dé tí ó sì ti lọ lójú wọn? Ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìgbéyàwó tí ìjọ ń tọ́jú fi hàn pé a mọ bí a ti ń kọ nǹkan sílẹ̀ láìdánudúró. Kí ni ó dé tí a kò lè ní ìwé òjò?

Ohun tí ó gbà kò pọ̀: òṣùwọ̀n òjò kan ní àgbàlá ìjọ tàbí ilé ẹ̀kọ́, ẹni kan tí yóò máa kà á ní wákàtí kan náà ní àràárọ̀, àti ìwé kan. Kí a kéde rẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi, kí a sì fún àwọn olùkọ́ LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ti Ajayi Crowther ní Ọ̀yọ́ ní ẹ̀dà rẹ̀.

Ìwọ̀n náà yóò sì kọ́ àwa fúnra wa ní nǹkan. Òjò mílímítà kan lórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà kan níbùú lóòró, lítà omi kan ni. Òjò agbègbè wa tó nǹkan bíi 1,200 mílímítà lọ́dún. Òrùlé ìjọ tí ó gùn ní mítà 20, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 10, ń gba lítà 240,000 lọ́dún. Bí ìdá kan nínú márùn-ún bá ṣòfò, ó ṣì ku kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 tí iye rẹ̀ jẹ́ 7,680. Kò sí táńkì ìjọ tí yóò gba gbogbo rẹ̀ tán, a sì gbọ́dọ̀ se èyí tí a óò mu. Síbẹ̀, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń bá lọ lónìí, nígbà tí àwọn ọmọ wa ń gbé kẹ́ẹ̀gì kiri nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àìnígbàgbọ́ ni kí a máa wọn òjò Ọlọ́run. Jósẹ́fù gba ìkìlọ̀ nípa ọdún ìyàn, ó sì kọ́ àká. Obasi dé orí àga tí ó ga jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀ nítorí pé àwọn ẹni tí a kò mọ orúkọ wọn ka òṣùwọ̀n láìsí àárẹ̀. Irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ń wá báyìí, kí àgbẹ̀ tó tún sọ irúgbìn rẹ̀ nù.