Fílítà Tó Wọṣọ Olówó: Ẹ Yẹ Inú Ẹ̀ Wò Kẹ́ Ẹ Tó Sanwó

 

Lẹ́tà kan ṣoṣo ló gba gbogbo ojú ewé yìí lọ́sẹ̀ yìí. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà, n'Íbàdàn, ló kọ ọ́. Ó ní owó èsúsú ọdún méjì lòun fi ra ọ̀kadà fún ọmọ òun ọkùnrin, pé kó máa fi gbé èrò, kó máa mú nǹkan wá fóun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Oṣù keje ni ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì. Mẹkáníìkì ní eré àsápajúdé lọmọ náà ń sá. Ọmọ ní irọ́ ni, òun kì í jẹ́ kí ọ́ìlì pẹ́ níbẹ̀ kóun tó pààrọ̀ ẹ̀. Ìyá gba ti mẹkáníìkì gbọ́. Ó ti di oṣù kan báyìí tí ìyá àtọmọ ò kí ara wọn. Ìyá wa ní, "Ta ló jẹ̀bi nínú wa?"

Ìyá mi, mo ránṣẹ́ sí ọmọ yín, ó sì wá. Fílítà ọ́ìlì tí wọ́n yọ nínú ẹ́ńjìnnì náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ra òmíràn tó jẹ́ ojúlówó, àwa méjèèjì sì gbọ̀nà ọ̀dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì kan tí mo ti mọ̀ tipẹ́. Ọ̀bẹ la fi la fílítà méjèèjì. Ohun tójú wa rí ni mo fẹ́ sọ.

Ṣùgbọ́n kí ni fílítà ń ṣe ná? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sẹ́ ògì, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí yín. Bí asẹ́ bá ya, bó ti wù kí àgbàdo dára tó, èérí á bá ògì lọ. Iṣẹ́ asẹ́ ni fílítà ń ṣe. Ọ́ìlì ló ń yí inú ẹ́ńjìnnì ká kí irin má baà jẹ irin, bó sì ti ń lọ ló ń kó èédú iná àti ẹ̀tù irin dání. Ti ọ̀kadà tiẹ̀ le ju ti mọ́tò lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀kadà, ọ́ìlì kan náà ló wà fún ẹ́ńjìnnì, fún jíà, àti fún kílọ́ọ̀ṣì. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá ti ń jẹ, inú ọ́ìlì yẹn náà ni ẹ̀tù ẹ̀ ń dà sí. Bẹ́ẹ̀, nínú àwọn ọ̀kadà kékeré, ọ́ìlì ọ̀hún ò ju nǹkan bíi lítà kan lọ.

Ẹ jẹ́ n fi kinní kan kún un, torí wọ́n ń fi rẹ́ yín jẹ. Kì í ṣe gbogbo ọ̀kadà ló ń lo fílítà oníbébà. Honda CG125 tó jáde ní 1976, àti ọ̀pọ̀ èyí tí àwọn ará Ṣáínà fi ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ṣe àwòkọ, asẹ́ wáyà kékeré ló wà nísàlẹ̀ wọn, pẹ̀lú kinní róbótó kan nínú ẹ́ńjìnnì tó ń yí bírí, tó ń gbá ìdọ̀tí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fífọ̀ ni wọ́n ń fọ méjèèjì. Nítorí náà, bí mẹkáníìkì bá gbowó fílítà lọ́wọ́ yín, ẹ ní kó fi ti àtijọ́ tó yọ hàn yín. Ẹni tí kò yọ ọ̀kan, kí ló fi òmíràn dípò ẹ̀?

Ti ọmọ ìyá wa yìí, oníbébà ni. Lójú, òun àti ojúlówó ò yàtọ̀. Kódà, ọmọ náà ní páálí tó wà nínú ẹ̀ dán ju ti tèmi lọ. Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá.

Ẹ wo bébà ẹ̀ ná. Ẹ̀yin télọ̀ mọ pílíìtì. Nínú èyí tó dára, pílíìtì náà dúró ṣánṣán, àlàfo àárín wọn sì dọ́gba yíká. Nínú ti ọmọ yìí, àwọn kan lẹ̀ mọ́ra, àwọn kan sì yà síra bí eyín arúgbó. Ibi tó lẹ̀ mọ́ra, ọ́ìlì ò ráyè gbà níbẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn la wo gúlù. Níbí gan-an ni ọ̀ràn wà. Òkè àti ìsàlẹ̀ bébà gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ìdérí ẹ̀ pinpin. Ti ojúlówó, a fi ọwọ́ fà á títí, kò ṣí. Ti ọmọ yìí, gúlù ò dé ìdajì. Ìka ni mo fi ṣí i. Ọ́ìlì tó rí irú ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, kí ló tún fẹ́ bá bébà ṣe? Ẹ̀bá ni yóò gbà, tòun tìdọ̀tí. Ìdérí mìíràn lè jẹ́ páànù, òmíràn lè jẹ́ páálí. Páálí fúnra ẹ̀ ò jẹ̀bi. Gúlù ni kẹ́ ẹ wò.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ ò sì nílò ọ̀bẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò àárín fílítà, kẹ́ ẹ fọwọ́ ṣíji bò ó. Bí bébà bá mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ yíká, ó dáa. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ síta níbi kan bí ìràwọ̀, ihò nìyẹn, ẹ dá a padà. Ẹ fọwọ́ tẹ irin oníhò tó wà láàárín, kò gbọdọ̀ tẹ̀. Ẹ tẹ rọ́bà ẹnu ẹ̀, kò gbọdọ̀ gan, kò sì gbọdọ̀ là. Ẹ mú ti àtijọ́ dání, kẹ́ ẹ fi wọn ara wọn, torí èyí tó bá kúrú, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni ọ́ìlì yóò gbà. Bí ẹnu ẹ̀ kan bá ṣí tí ìkejì dí, kí mẹkáníìkì fi í bó ṣe bá ti àtijọ́, torí bó bá dojú ẹ̀ délẹ̀, ọ́ìlì lè má rọ́nà gbà mọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi bẹntiróò fọ oníbébà padà síbẹ̀ o. Wáyà ni wọ́n ń fọ̀.

Ó wá ku ìdájọ́. Ìyá mi, ọmọ yín ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ọjọ́ tó pààrọ̀ ọ́ìlì sí. Mo kà á. Kò pẹ́ rí. Mi ò sọ pé eré kì í pa ẹ́ńjìnnì o, ṣùgbọ́n irú fílítà tí mo rí yìí, bí ọmọ yín ń rìn jẹ́jẹ́ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, yóò ṣì pa á.

Mo bi í pé ta ló ra fílítà ọ̀hún. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Ìgbà tó yá ló ní ẹ̀yin lẹ fún mẹkáníìkì lówó, tẹ́ ẹ ní kó wá èyí tí ò wọ́n. Ẹ má bínú sí mi, ìyá mi. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Olówó gọbọi náà lè jẹ́ ayédèrú, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Mẹkáníìkì tó rà á láì yẹ̀ ẹ́ wò, tó tún dẹ́bi ru ọmọ ọlọ́mọ, òun lẹ̀bi ẹ̀ pọ̀ jù. Ọmọ yín ò jẹ̀bi.

Ẹ pè é lálẹ́ òní. Ẹ ro àmàlà, ẹ jẹ́ kó jẹun. Ẹ̀ ń ta èlùbọ́, kò yẹ kí ebi àmàlà pa ọmọ yín. Ẹ́ńjìnnì ṣeé tún ṣe.

Ẹ̀yin tó kù, bí nǹkan bá ń dùn yín lọ́kàn, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́. Ó tún dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.