Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ Tí Ń Ké Ramúramù

Yorùbá kì í sọ nǹkan lórúkọ lásán. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìwà ni a sì ń wò kí a tó sọ ohun èlò lórúkọ. Ọkọ̀ kékeré tí ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún lè wọ̀ ni a ń pè ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, èyíinì ni ọkọ̀ tí ń yọ́ lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ ti rí i pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni ẹwà rẹ̀.

Lóde òní, orúkọ yìí kò ro àwọn ọkọ̀ kan mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ kan wà ní ìlú ńláńlá bí Èkó àti Ìbàdàn tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ tí wọ́n fi ń lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì àti jórinjórin. Wọn a ní kí a gé sàlẹ́ńsà rẹ̀ dànù, kí a fi páìpù gbàǹgbà rọ́pò rẹ̀, kí a sì tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tò kí ó lè máa sáré bí ọkọ̀ ìdíje. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń bọ̀ lóru, ènìyàn a rò pé kìnnìún ni ó já wọ ìlú. Ǹjẹ́ agbára ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní, tàbí ariwo? Bí ó bá sì jẹ́ agbára, ta ni yóò san gbèsè rẹ̀?

A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà; nítorí náà ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí ènìyàn fẹ́ kí ohun ìní rẹ̀ dára ju bí ó ti rà á lọ. Ẹni tí ó lè tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, tí ó sì lè tún un tò kí ó ṣiṣẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, oníṣẹ́ ọwọ́ pàtàkì ni. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Wọn a tún máa fi ọkọ̀ kan báyìí ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé: ọkọ̀ Mini ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ọdún 1959 ni Mini jáde. Alec Issigonis ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ọkọ̀ mẹ̀kúnnù ni, tí ìdílé fi ń lọ sí ọjà àti ibi iṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 848 cc, agbára rẹ̀ kò sì ju ti ẹṣin 34 lọ. John Cooper, tí ń kan ọkọ̀ ìdíje, wò ó, ó sì rí i pé ohun rere fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ní ọdún 1961, Mini Cooper jáde: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ di 997 cc, kabúrétọ̀ rẹ̀ di méjì, agbára rẹ̀ sì di ti ẹṣin 55. Àbúrò rẹ̀ tí ó tún le jù ú lọ, tí a ń pè ní Cooper S, ni ó gba ipò kìíní nínú ìdíje Monte Carlo ní ọdún 1964, 1965 àti 1967, tí ó sì já àwọn ọkọ̀ ńláńlá sílẹ̀.

Ìtàn yìí dùn, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn tí ń fi í ṣe àwíjàre kì í sábà rántí. Bí a ti fi agbára kún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a fi agbára kún bíréèkì rẹ̀. Bíréèkì onídíìsì ni a fi sí ẹsẹ̀ iwájú Mini Cooper, èyí tí Mini àkọ́kọ́ kò ní. Ọlọ́gbọ́n mọ̀ pé bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí yóò fi rìn lẹ́yìn tí a bá ti tẹ bíréèkì kí ó tó dúró yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ọkọ̀ tí ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí ń sá 40, bí ọmọ kékeré bá ṣèèṣì já sí títì lójijì. Ẹni tí ó bá fi kún eré láìfi kún ìdádúró ti ra ẹṣin láìra ìjánu.

Ẹ jẹ́ kí a wo inú ẹ́ńjìnnì náà. Iṣẹ́ mẹ́rin ni ó ń ṣe ní àṣetúnṣe. Ó ń fa afẹ́fẹ́ àti epo sínú. Ó ń fún wọn pọ̀. Púlọ́ọ̀gì ń ṣáná sí wọn, wọn a gbiná, wọn a sì ti písítìnnì lọ. Lẹ́yìn èyí ni ó ń ti èéfín jáde. Nicolaus Otto, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó ṣe irú ẹ́ńjìnnì yìí yọrí ní ọdún 1876. Nínú iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀kẹta nìkan ni ó ń mú agbára wá, ìwọ̀n ni ó sì gbé agbára náà ró: epo tí ó wúwo tó ìwọ̀n kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó wúwo tó nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó jó tán. Bí afẹ́fẹ́ àti epo tí ń wọlé kò bá pọ̀ sí i, èrè wo ni ó wà nínú fífẹ ojú ọ̀nà èéfín? Ó dà bí àgbẹ̀ tí kò fi ebè kan kún oko rẹ̀, tí ó wá ń fẹ ilẹ̀kùn àká.

Òtítọ́ ni pé páìpù tí a fi ọgbọ́n wọ̀n lè mú kí ẹ́ńjìnnì mí dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ̀ jù, èéfín a máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ nínú rẹ̀, kò sì ní lè fa èyí tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ a sì máa wúwo nígbà tí eré kò pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni inú eré kékeré yìí gan-an ni ọkọ̀ òòjọ́ ti ń lo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹni tí ó wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Ọ̀jọ́ta láàárọ̀ kò rí ibi tí yóò ti lo agbára ìdíje. Ariwo rẹ̀ nìkan ni yóò rí lò.

Ohun mìíràn tí jórinjórin máa ń gé ni kátálíìsì. Láti ọdún 1975 ni a ti ń fi í sára àwọn ọkọ̀ titun ní Amẹ́ríkà, ó sì wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkúnbọ̀ tí ń ti ibẹ̀ wá. Platinum, palladium àti rhodium, tí wọ́n jẹ́ irin iyebíye, ni ó wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa oró inú èéfín. Ọ̀kan nínú oró náà ni gáàsì carbon monoxide, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí ó sì ń gba ipò atẹ́gùn nínú ẹ̀jẹ̀ títí ènìyàn yóò fi sùn láìjí mọ́. Ẹni tí ó gé kátálíìsì tà ti gba owó tí kò ní pẹ́ tán. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ń ta omi láàrin ọkọ̀ yóò máa fa oró náà símú lójoojúmọ́. Bí ojú ibi tí a jó bá sì ń jò, inú ọkọ̀ ni èéfín yóò gbà tọ olówó rẹ̀ lọ.

Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ kì í gba ìyà yìí láìsọ̀rọ̀. Ojú kan wà nínú páìpù èéfín tí ń sọ fún àpótí ọpọlọ ọkọ̀ bí epo ti ń jó sí. Bí páìpù bá lu níwájú ojú yìí, atẹ́gùn òde a wọlé, ojú náà a sì jíṣẹ́ èké pé epo kò tó. Àpótí náà a wá máa da epo sí i láìnídìí. Àwọn mìíràn a tún lọ yí àkókò tí púlọ́ọ̀gì ń ṣáná padà, kí iná lè tètè ràn. Bí ó bá yá jù, epo a máa bú nínú ẹ́ńjìnnì dípò kí ó jó, a ó sì máa gbọ́ ìró bí ẹni ń fi òòlù kan irin. Bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, písítìnnì a lu. Ẹni tí ń wá agbára ẹṣin mẹ́wàá a wá di ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn.

Ọ̀dọ́ kan lè dáhùn pé, “Owó mi ni mo fi ra ọkọ̀ mi.” Bẹ́ẹ̀ ni, owó ẹni ni a fi ń ra ọkọ̀, ṣùgbọ́n a kò fi ra etí aládùúgbò mọ́ ọn. Inú sàlẹ́ńsà ni a ti ń mú kí ìró dojú kọ ìró kí wọ́n lè pa ara wọn kú. Bí a bá gé e, ìró náà yóò wá ibòmíràn kú sí: yàrá aláìsàn tí oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé, ilé abiyamọ tí ó fi gbogbo òru rẹ ọmọ, àti ojú ìwé ọmọ ilé-ìwé tí ìdánwò rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, ka títú èéfín àtújù sí ọ̀ràn. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọmọlúwàbí dúró de ẹ̀ṣọ́ kí ó tó ro ti ẹlòmíràn.

Kí ni kí ẹni tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ rẹ̀ ṣe nígbà náà? Ìlera ni kí ó kọ́kọ́ wá fún un. Kí ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì àti asẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó ti dí, kí ó da ọ́ìlì titun sí i, kí ó sì fi táyà gidi sí i. Ọ̀pọ̀ agbára tí àwọn kan ń wá kiri kò sọnù rí; ìdọ̀tí ni ó bò ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ó tún bíréèkì ṣe. Bí ọkàn rẹ̀ bá ṣì ń fẹ́ sí i, kí ó wá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, tí yóò wọn ohun gbogbo kí ó tó gé ohunkóhun, tí yóò sì fi sàlẹ́ńsà àti kátálíìsì sílẹ̀ sí ipò wọn. Eré ìdíje ní pápá tirẹ̀. Títì tí ìyá arúgbó ń sọdá kọ́ ni pápá náà.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ọkọ̀ tí a tún ṣe dáadáa kò ní ẹ̀rí kankan láti fi ariwo jẹ́. Yóò gbé olówó rẹ̀ dé ibi iṣẹ́, yóò gbé e padà délé lálẹ́, àwọn tí ó ti sùn kò sì ní mọ̀ pé ó kọjá. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni orúkọ tí àwọn baba wa sọ ọ́ ń rò.